Epo dísù máa ń dì nínú òtútù: ẹ bá wa sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀ wa tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé ìwé ìròyìn yìí jáde. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kà nínú ìwé ìròyìn yín nípa àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kó lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà láti lọ fi ọkọ̀ wíwà jẹun: àwọn tó ń wa tírélà, àwọn tó ń wa ọkọ̀ akérò, àti àwọn tó ń ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, tí wọ́n ń fà á lọ sí etíkun kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Èkó. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń kà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun náà ní í dá àwọn ènìyàn wa dúró sójú títì ní àkókò tí òtútù bá mú jù, níbi tí dídúró sójú títì ti lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Ohun náà ni pé epo dísù máa ń dì.

Mo kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìbàdàn, ní agbègbè Agodi Gate, mo sì ṣe é fún ọdún 11 kí n tó kúrò nílé. Láti ọdún 2008 ni mo ti ń gbé ní Brooklyn Park, ìlú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Minneapolis ní ìpínlẹ̀ Minnesota, iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni mo sì ń ṣe jẹun níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, n kò rí dísù tó dì rí, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá mi. Ohun tí a mọ̀ pé ó ń ba dísù jẹ́ ni omi, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àgbá, àti ìwà àwọn tó ń po kẹrosíìnì mọ́ ọn kí èrè wọn lè pọ̀. Nítorí náà, n kò dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́bi. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, òtútù ló kọ́ mi.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí wa, nítorí pé a ti ń rí irú rẹ̀ nínú ilé ìdáná wa láti ìgbà èwe. Bí ọyẹ́ bá mú, epo pupa inú kẹ́ẹ̀gì máa ń dì, a óò sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú oòrùn tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí epo tó lè ṣàn jáde. Àdín a máa dì, òrí kò tilẹ̀ nílò ọyẹ́ kí ó tó dì. Bí dísù ṣe rí náà nìyẹn, àfi pé òtútù tí yóò mú un dì le ju èyí tí ọyẹ́ tiwa lè mú wá lọ. Inú dísù ni ìda kan wà, irú ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹnikẹ́ni kò sì fi í sínú epo láti rẹ́ wa jẹ. Ara epo ni, ó sì ń jó dáadáa nínú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ooru bá wà, ìda náà yóò yọ́ mọ́ epo débi pé ojú kò ní rí i. Bí òtútù bá wá ń pọ̀ sí i, ìda náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ara rẹ̀ sọ́tọ̀, epo tó mọ́ kedere tẹ́lẹ̀ yóò ṣú bí omi ògì, bí òtútù bá sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ lè ki bí ẹ̀kọ mímu tó ti tutù.

Ìgbà tí èyí máa bẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba fún gbogbo dísù, nítorí pé ó dá lórí irú epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀ àti bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n dísù tó wọ́pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Number 2, bí wọn kò bá fi nǹkan kan sí i, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti ṣú kí òtútù tó lọ ju 14°F lọ, tí í ṣe -10°C. Kò sì dìgbà tí epo inú táǹkì bá dì gbagidi kí ọkọ̀ tó dákẹ́. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni fílítà. Ihò ara fílítà dísù kéré ju ìbú irun orí ènìyàn lọ lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn èérún ìda wọ̀nyẹn yóò sì máa lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí epo kò fi ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà sábà máa ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ìwọ̀nba epo tó wà nínú fílítà àti nínú páìpù yóò tó láti gbé e dìde. Yóò rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó lè rìn tó ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà ni agbára rẹ̀ yóò máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò wà lórí tọ́rótù ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní sáré mọ́, kí ó tó wá dákẹ́ pátápátá. Nígbà yẹn, ó ti jìnnà sílé, ó sì ti wà láàárín àwọn ọkọ̀ tó ń sáré. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ yóò rò pé pọ́ǹpù ló bàjẹ́ tàbí pé nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ló dí. Mo ti rí ẹni tó ra pọ́ǹpù tuntun tí kò nílò rẹ̀, tó sì jẹ́ pé fílítà àti ilé tó móoru ló kù fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa, nítorí pé òun gan-an ló mú mi kọ ìwé yìí. Àbúrò ìyàwó mi ń gbé ní ẹ̀bá Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ńlá tó ń mu dísù fa àwọn ọkọ̀ tí àwọn ará wa rà ní gbàǹjo lọ sí èbúté. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2019, ó gba òpópónà márosẹ̀ I-35 wá sọ́dọ̀ wa láti wá kó ọkọ̀ méjì. Òpópónà yìí bẹ̀rẹ̀ láti Laredo ní ààlà Mexico, ó sì gba Dallas, Oklahoma City, Kansas City àti Des Moines kọjá títí dé Minneapolis, kí ó tó parí sí Duluth. Ẹni tó bá gbà á ní oṣù kìíní lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì kúrò ní Texas, kí ó sì bá yìnyín pàdé lọ́jọ́ kejì. Àbúrò wa ní táǹkì kejì sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, bí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ náà ṣe máa ń ní. Ó rọ epo kún táǹkì méjèèjì ní Texas nítorí pé epo ibẹ̀ kò wọ́n, epo náà ló sì fi wá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi ní alẹ́ ọjọ́ 29. Gbogbo dísù tó kù nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n pò fún ojú ọjọ́ Texas.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ 30, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òwúrọ̀ tó tutù jù lọ láti ìgbà tí mo ti dé Minnesota. Ó lọ sí -28°F ní Minneapolis, tí í ṣe -33°C. Ní Chicago, ó lọ sí -23°F. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Minnesota sì wà lára wọn. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun kékeré ló ń dá wọn dúró. Mo ti bá àbúrò wa so wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná mọ́ iná mànàmáná ní alẹ́ àná rẹ̀, èmi fúnra mi sì rò pé mo ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó dágbére, ó lọ. Ohun tí mo gbàgbé láti sọ fún un, tí ó sì ń dùn mí títí di òní, ni pé wáyà yẹn kò mú nǹkan mìíràn gbóná ju ẹ́ńjìnnì lọ. Kò kan táǹkì. Kò kan epo. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ṣùgbọ́n epo tí yóò mu ti sun ìta mọ́jú nínú òtútù.

Ọkọ̀ náà kú lórí òpópónà 610, kò tíì rìn jìnnà sílé rárá. Kàkà kí ó pè mí, ọ̀gá rẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ l'Ékòó ló pè. Baba náà kò mọ̀ ju ohun tí a jọ mọ̀ nílé lọ, kò sì fẹ́ ibi fún un. Ó ní kí ó da bẹntiróòlù díẹ̀ sínú táǹkì kí dísù lè ṣàn, bí kò bá sì gbà, kí ó wá iná díẹ̀ dá sábẹ́ táǹkì. Ọkùnrin náà ní bẹntiróòlù nínú kẹ́ẹ̀gì tó gbé lọ́wọ́ fún àwọn ọkọ̀ tó fẹ́ fà, ó sì ti da nǹkan bíi gálọ́ọ̀nù mẹ́rin sí i kí ó tó wá pè mí. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ń wá páálí tí yóò fi ko iná. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi ò mọ nǹkan tó ń dì mú mọ́," ohun tó kọ́kọ́ sọ fún mi nìyẹn. Awọ ara tí a kò bò nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá tún ń fẹ́, lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn mìíràn sì ti ti ibẹ̀ pàdánù ìka. Mo mú un wọ inú ọkọ̀ mi, a sì jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ tó ráyè tiwa, nítorí pé gbogbo ìlú ló ń pè wọ́n.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n fà á lọ, wọ́n jẹ́ kí ó sun inú ilé tó móoru mọ́jú, wọ́n sì fa gbogbo epo inú táǹkì dà nù nítorí bẹntiróòlù. Nígbà tí wọ́n tú fílítà, ohun funfun ló bò ó látòkè délẹ̀, bí ẹni fi òrí pa á. Wọ́n pààrọ̀ fílítà méjèèjì, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pọ́ǹpù ńlá tó ń ti epo sínú ẹ́ńjìnnì lọ̀ ara rẹ̀, ẹ̀rúnrún irin sì wọ gbogbo nọ́sù. Ó ná an ju 8,000 dọ́là lọ. N kò lè búra pé bẹntiróòlù yẹn nìkan ló fà á, nítorí pé ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, n kò rí ohun mìíràn tí mo lè dì í rù.

Olóòtú, ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ràn kí a da bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì sí dísù kì í ṣe irọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé ìlò àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan gba awakọ̀ láyè láti ṣe é nígbà òtútù. Àwọn ẹ́ńjìnnì tí a fi kọ́ṣẹ́ nígbà náà le bí òkúta, wọ́n lè mu ohunkóhun tó bá ti lè jó. Àwọn ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára tí pọ́ǹpù wọn fi ń ti epo máa ń lé ní 29,000 psi nínú ọ̀pọ̀ wọn; ẹ fi í wé nǹkan bíi 32 psi tí a ń fún táyà ọkọ̀ kékeré. Irin inú pọ́ǹpù náà sún mọ́ra débi pé dísù fúnra rẹ̀ ni òróró tí kò jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Bẹntiróòlù kò ní òróró yẹn lára. Ó sì tètè máa ń gbiná ju dísù lọ, nítorí náà ẹni tó da bẹntiróòlù sí dísù, tó tún wá dáná sábẹ́ rẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe iná. Mo bẹ gbogbo ọ̀gá mẹkáníìkì tó wà nílé, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ń pè láti òkè òkun: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fún wọn ní ìmọ̀ràn yìí mọ́. Wọ́n gbà yín gbọ́, wọn yóò sì ṣe é.

Ti kẹrosíìnì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú. Òótọ́ ni pé dísù kan wà tó fẹ́lẹ́, tó sún mọ́ kẹrosíìnì, tí wọ́n ń pè ní Number 1. Kò ní ìda púpọ̀ nínú, ó sì lè máa ṣàn títí dé nǹkan bíi -40, níbi tí Fahrenheit àti Celsius ti pàdé tí iye wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Òun ni àwọn ilé epo ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù máa ń pò mọ́ Number 2 nígbà òtútù, òun náà ló sì yẹ kí ènìyàn rà bí òtútù bá fẹ́ le. Ó wọ́n ju èkejì lọ, agbára rẹ̀ nínú gálọ́ọ̀nù kan kò sì tó ti èkejì, nítorí náà ọkọ̀ yóò mu ún púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì tí àwọn kan ń tà fún sítóòfù àti fún mímú ilé gbóná kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Sọ́fúrù inú rẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tí òfin fi àyè gbà nínú dísù ọkọ̀ láti ọdún 2006, tí kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Bí epo náà bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n pa láró pupa, tí a kò san owó orí ojú títì lé, ìtanràn wà fún ẹni tó bá fi í rìn lójú títì: 1,000 dọ́là, tàbí 10 dọ́là lórí gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pọ̀ jù.

Àwọn kan lè bi mí pé ṣé kì í ṣe àwọn tó ta epo ló yẹ ká bá wí. Èmi náà bínú sí ilé epo Texas yẹn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé wọn kò rú òfin kankan. Ní Jámánì, ìlànà wà pé láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá títí di ìparí oṣù kejì, dísù tí wọ́n ń tà gbọ́dọ̀ lè gba inú fílítà kọjá títí dé -20°C. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, -15°C ni wọ́n fi sí, láti ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará wa ní London, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi ọkọ̀ dísù rìn fún ogún ọdún, fi máa ń sọ pé àwọn kò rí irú rẹ̀ rí; òtútù London kì í sábà dé ibi tí ìlànà náà dé. Ìlànà Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Kò dá ìwọ̀n òtútù kan pàtó lé olùtà lórí. Àárín ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹni tó bá ń rà gbọ́dọ̀ béèrè. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti orílẹ̀-èdè wa wá kò mọ̀ pé ohun tí a ń béèrè ni.

Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń ti àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Amẹ́ríkà, bíi Texas, bọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa ni pé kí wọ́n má ṣe kó epo gúúsù wọ inú òtútù. Kí wọ́n ṣètò rẹ̀ kí táǹkì wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nígbà tí wọ́n bá dé Iowa, ìpínlẹ̀ tó ṣáájú Minnesota, kí wọ́n sì rọ epo tí wọ́n pò fún ibẹ̀. Iye owó tí wọ́n rò pé wọ́n fi pamọ́ ní Texas kò tó owó fílítà kan.

Oògùn epo wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń tà ní gbogbo ilé epo ńlá, ṣùgbọ́n oríṣi méjì ni, àṣìṣe ibẹ̀ sì pọ̀. Ọ̀kan wà fún ìdènà. Kí òtútù tó mú epo náà ni a ń dà á sínú táǹkì, nígbà tí epo ṣì ń ṣàn dáadáa, ó sì dára kí a kọ́kọ́ da oògùn kí a tó rọ epo lé e lórí kí wọ́n lè pò pọ̀. Oògùn yìí kì í yọ́ ìda tó ti dì. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àwọn èérún ìda náà tóbi, kí wọ́n lè máa gba inú fílítà kọjá. Èkejì ni oògùn ìdáǹdè, tí a ń lò nígbà tí ọkọ̀ bá ti kú, tó ń yọ́ ìda. A óò dà á sí táǹkì, a óò pààrọ̀ fílítà, a óò sì da òun àti dísù tó dára sínú fílítà tuntun náà kí a tó dè é. Ẹni tó bá da oògùn ìdènà sínú epo tó ti dì ti fi owó rẹ̀ ṣòfò. Mo ń rí i lọ́dọọdún.

Omi tún wà níbẹ̀. Nílé, omi inú dísù máa ń mú kí ẹ́ńjìnnì máa wúkọ́. Níhìn-ín, inú fílítà ló ti ń di yìnyín, tí yóò sì dí ọ̀nà kí ìda tilẹ̀ tó débẹ̀. Kí a máa ṣí ihò ìsàlẹ̀ fílítà láti da omi rẹ̀ nù ṣáájú ìgbà òtútù, kí a má sì jẹ́ kí táǹkì máa fi ìdajì ṣófo, nítorí pé ara táǹkì tó ṣófo ni ìrì máa ń sẹ̀ sí.

Ní Minnesota tiwa, ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í rìn púpọ̀ mọ̀. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ní kí wọ́n máa po epo tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà àti irú rẹ̀ ṣe mọ́ dísù: ìdá 20 nínú 100 nígbà ooru láti ọdún 2018, ìdá 5 péré nígbà òtútù. Wọ́n dín in kù nígbà òtútù nítorí pé epo tó ti ara ohun ọ̀gbìn wá máa ń tètè dì, bí epo pupa tiwa ṣe ń dì. Ẹni tó rọ dísù kún ní oṣù kẹsàn-án, tó wá gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ títí di oṣù kejìlá, epo ooru ló wà nínú táǹkì rẹ̀. Kí ó fi rìn kí ó tán, kí ó tó di ìgbà òtútù.

Wáyà tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná ṣì ṣe pàtàkì púpọ̀, bí mo tilẹ̀ ti sọ pé kò kan epo. Dísù kò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bá fún pọ̀ títí ó fi gbóná ni ó ń mú un gbiná, bí irin ẹ́ńjìnnì bá sì tutù jù, irin náà ni yóò fa gbogbo ooru yẹn mu. Bátìrì pẹ̀lú kò ní ju nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lọ ní 0°F, ní àsìkò náà gan-an tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti ki tí ó sì ń béèrè agbára púpọ̀ sí i. Ará Grand Forks ní North Dakota kan, Andrew Freeman, ló ṣe irú ohun ìmúgbóná yìí ní àwọn ọdún 1940, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní ọdún 1949. Ní Winnipeg àti Edmonton ní Kánádà, ẹ óò rí ojú iná mànàmáná níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á ki wáyà ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ kí ó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ dísù níhìn-ín, kí ó yẹ abẹ́ imú ọkọ̀ náà wò bóyá wáyà náà wà níbẹ̀. Kí ó sì yí ọ́ìlì rẹ̀ padà sí èyí tí wọ́n kọ 5W-40 sí lára, dípò 15W-40 tí a mọ̀ nílé, bí ìwé ọkọ̀ náà bá gbà á láyè.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tún ń pè mí nítorí omi yúríà tí wọ́n ń pè ní DEF, tí àwọn ọkọ̀ dísù tuntun ń lò láti dín èéfín kù. Yóò dì ní 12°F, ìyẹn -11°C, kò sì yẹ kí ó dẹ́rù bani, nítorí pé wọ́n ti ṣe ohun tí yóò yọ́ ọ sínú táǹkì rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa rìn títí yóò fi yọ́. Kí a má kàn rọ ọ́ kún dẹ́nu, torí pé ó máa ń wú nígbà tí ó bá dì. Kí a má sì da oògùn dísù sínú rẹ̀ láé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ọkọ̀ sínú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, kí ó wá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè gbóná. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń pa ìdílé nílé nítorí jẹnẹrétọ̀ ni ọkọ̀ náà ń tú jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé yín ní Houston àti Dallas lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ní ọjọ́ 16 oṣù kejì ọdún 2021, òtútù dé -2°F ní Dallas, ó sì dé 13°F ní Houston, ìyẹn nígbà tí iná mànàmáná lọ ní ìlú wọn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Dísù ooru ló wà nínú táǹkì àwọn tó fẹ́ sá kúrò nínú ilé tútù.

Bí ẹ bá rí àyè fún ìwé yìí, Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi í pamọ́ di oṣù kìíní. Oṣù kẹwàá ló wúlò jù, nígbà tí dísù ṣì ń ṣàn tí oògùn ìdènà ṣì lè ṣiṣẹ́. Àbúrò ìyàwó mi ní kí n fi kún un pé òun ní ẹ̀wù onírun, ìbọ̀wọ́ àti fílítà méjì lẹ́yìn ọkọ̀ òun báyìí láti oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin, kí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ òun náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Brooklyn Park, Minnesota